Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Ihò Bàbà Àtijọ́ Tó Di Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ìyá wa kan ní Òkè-Fíà ló kọ lẹ́tà tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Nígbà tí a tẹ apá kan rẹ̀ jáde nínú ẹ̀dà tó kọjá, ìbéèrè àwọn òǹkàwé mìíràn tẹ̀ lé e, débi pé a pinnu láti fi gbogbo ojú ìwé yìí sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ihò ìwakùsà. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Sweden ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún mi kí n wá kí òun àti ọmọ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ní oṣù kẹjọ. Ó ní lára ibi tí òun máa mú mi dé ni ihò kan ní ìlú Falun, níbi tí wọ́n ti wa bàbà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó tì í pa. Ẹni ọdún 66 ni mí, orúnkún mi kò sì dá ṣáṣá mọ́. Kí ni àgbàlagbà ń wá lọ sínú ihò? Ṣé kò léwu? Kí ni mo fẹ́ rí níbẹ̀ tó tó owó tí ọmọ náà yóò san? (Ìyá Ìbejì, Òkè-Fíà, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire ọmọ tuntun, mà, Ọlọ́run yóò wò ó. Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a ti orí orúnkún bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun gan-an ló yẹ kó pinnu ohun tí ẹ ó ṣe ní Falun. Ibi tí wọ́n ń mú àlejò dé nínú ihò náà jìn tó mítà 67 sí ojú ilẹ̀, àtẹ̀gùn tó pọ̀ gan-an ni wọ́n sì fi ń sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀. Gbogbo ìrìn náà tó wákàtí kan, nínú ọ̀nà tóóró tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù tí kò sì tẹ́jú, tí àpáta orí rẹ̀ rẹlẹ̀ níbòmíràn débi pé ẹni gíga ní láti tẹ orí ba. Bí ẹ bá ṣì lè gun ilé alájà méjì láì dúró sinmi, ẹ lè dán an wò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí ọmọ yín bá àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó sanwó, kó má baà jẹ́ pé ẹnu ihò ni ẹ ó ti mọ̀ pé agbára kò gbé e. Kò sí ìtìjú nínú kí ẹ dúró sókè, nítorí pé apá tó pọ̀ nínú ohun tó yẹ ní wíwò, òkè ló wà. Ọmọ tuntun náà kò kúkú gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ rárá, nítorí náà, bí orúnkún bá kọ̀, iṣẹ́ ti wà fún yín.

Òtútù inú ihò náà kì í yí padà, ìbáà jẹ́ ìgbà oòrùn tàbí ìgbà yìnyín: ìwọ̀n 5 tàbí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni. Ọyẹ́ tiwa kì í mú tó bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹjọ tí ẹ ń lọ lè móoru lókè, kí ó sì tan yín jẹ. Ẹ mú súwẹ́tà tó nípọn dání, kí ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ tí abẹ́ rẹ̀ sì máa ń di ilẹ̀ mú. Ẹ fi ìró sílé lọ́jọ́ náà. Ṣòkòtò ló bá ibẹ̀ mu, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn pa yín lẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ń fún àlejò ní àṣíborí àti aṣọ òjò, nítorí pé omi ń kán láti ara àpáta.

Ní ti ewu, ẹnikẹ́ni kì í dá wọ inú rẹ̀: afinimọ̀nà ló ń mú àwọn àlejò wọlé, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sì jẹ́ apá díẹ̀ péré lára ilẹ̀ tó ti lu jára. Ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1992 ni iṣẹ́ ìwakùsà dópin níbẹ̀. Ìwé tó pẹ́ jù tó sọ̀rọ̀ nípa òwò ibẹ̀ ti wà láti ọdún 1288, nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù kan ra ìdá kan nínú ìdá mẹ́jọ ìpín nínú rẹ̀. Ẹ ro iye ìran tó ti wọ inú ihò yẹn láàárín ọdún méjèèjì.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò ni kòtò ńlá tó wà ní gbangba. Jíjìn rẹ̀ sún mọ́ mítà 100, fífẹ̀ rẹ̀ sì ju mítà 300 lọ. Kì í ṣe pé ẹnìkan jókòó, ó ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ibi tí oníkálukú bá ti rí bàbà ló ń wà, wọ́n ń jẹ àpáta wọlé lábẹ́ ara wọn, láìsí ẹni tó mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí, títí àpáta tó yẹ kó gbé òrùlé ró fi di tín-ínrín. Ní ọdún 1687, gbogbo rẹ̀ rì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àkókò ọdún àárín ìgbà oòrùn wọn ló bọ́ sí, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà nínú ìsinmi, nítorí náà kò sí ẹni tó bá a lọ. Ó lé ní 300 ọdún tí wọ́n tún fi wà á lẹ́yìn ìyẹn. Nínú gbogbo ohun tó wà ní Falun, kòtò yìí ni àwa kà sí ohun pàtàkì jù, nítorí pé òun ló sọ bí wọ́n ṣe rí bàbà àti ohun tí bàbà náà gbà lọ́wọ́ ilẹ̀ pọ̀ ní ojú kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi iná wo ara ògiri dáadáa. Kí ẹ̀tù ìbọn tó di ohun tí wọ́n ń lò, igi ni wọ́n ń tò sí ẹsẹ̀ àpáta, wọ́n á dá iná sí i kó jó mọ́jú, àpáta á sì sán, kí wọ́n tó fi òòlù àti irin ṣóńṣó kó o wálẹ̀. Ibi tí iná bá ti ṣiṣẹ́ máa ń rí roboto, ó sì máa ń jọ̀lọ̀ bí inú ìkòkò. Ibi tó bá ní igun ṣóńṣó, tí ẹ sì rí ojú ihò gígùn tí wọ́n fi irin lu, ẹ̀tù ló ṣe é. Ẹni tó bá mọ èyí yóò lè sọ ìgbà tí wọ́n gbẹ́ yàrá kan láì dúró de afinimọ̀nà.

Ní sẹ́ńtúrì 17, nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta bàbà tí ilẹ̀ Yúróòpù ń lò ni wọ́n sọ pé ó ń ti ibẹ̀ wá. Ní ọdún 1650, tí iṣẹ́ wọn gbòòrò jù, bàbà náà tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 3,000. Ó pọ̀ lọ́wọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ní ọdún 1644, nígbà ìjọba Ọbabìnrin Christina, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbà pẹlẹbẹ ṣe owó. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tí iye rẹ̀ jẹ́ daler 10, wúwo ju kílò 19 lọ. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń gbé irú owó bẹ́ẹ̀ lọ sí ọjà. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé Stockholm ni bánkì kan ti kọ́kọ́ tẹ owó bébà jáde ní Yúróòpù, ní ọdún 1661. Ẹ béèrè ìtàn owó bàbà yìí nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lókè.

Ẹ óò gbọ́ pẹ̀lú pé awọ akọ màlúù ni wọ́n fi ń hun okùn tó ń fa ẹrù jáde, àti pé ẹran tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sọ́séèjì kan tí wọ́n ń pè ní falukorv, tí gbogbo Sweden ṣì ń jẹ dòní. Bí ẹ kì í bá jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó tọ́ ọ wò, nítorí ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí.

Ọkọ̀ ojú irin láti Stockholm kò ju bíi wákàtí mẹ́ta lọ. Kí ọmọ yín gba àyè sílẹ̀ ṣáájú, nítorí pé oṣù kẹjọ ni àlejò ń pọ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oṣù kan náà ṣe ń kó àlejò wá sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun tí ẹ̀yin yóò pàdánù lọ́dún yìí. Inú ìwé kan náà ni àjọ UNESCO kọ ibi méjèèjì sí gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé: Falun wọlé ní ọdún 2001, Igbó Ọ̀ṣun sì wọlé ní ọdún 2005.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n rí òkú ọkùnrin kan nínú ihò Falun yìí, tí ara rẹ̀ kò jẹrà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún? Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni. (Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Báálẹ̀)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Mats Israelsson ni orúkọ rẹ̀, awakùsà ni, ọdún 1677 ló dàwátì. Ní ọdún 1719, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní apá kan tí omi ti kún bá òkú kan tó jọ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà. Ìyá arúgbó kan, Margareta Olsdotter, ló wò ó tó ní àfẹ́sọ́nà òun tó sọnù ní ọdún 42 sẹ́yìn ni. Obìnrin ti darúgbó, ọkùnrin ò dàgbà sí i.

Iṣẹ́ omi ni. Bàbà, irin àti imí-ọjọ́ tó wà nínú àpáta máa ń yọ́ sínú omi ihò, wọ́n á di iyọ̀ kan tó le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ẹran jẹrà kò lè gbé inú rẹ̀. Nígbà tí òkú náà kan afẹ́fẹ́, ó gbẹ, ó sì le gan-an, àwọn èèyàn fi rò pé ó ti di òkúta. Carl Linnaeus, onímọ̀ nípa ewéko, ṣàbẹ̀wò sí Falun ní ọdún 1734, ó rí òkú náà, ó sì sọ pé iyọ̀ yẹn ló bò ó. Linnaeus yìí kan náà ló fi ibi ìwakùsà náà wé ọ̀run àpáàdì, nítorí pé èéfín imí-ọjọ́ láti ibi tí wọ́n ti ń sun òkúta bàbà kò jẹ́ kí ewéko hù ní àyíká.

Ohun tí a kò gbà nínú ìtàn náà ni bí wọ́n ṣe ṣe òkú ọ̀hún. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi gbé e síta fún ìran wíwò kí wọ́n tó sin ín ní ọdún 1749. Ní sẹ́ńtúrì 19, wọ́n tún hú u nígbà tí wọ́n ń tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, wọ́n sì tún gbé e síta. Ọdún 1930 ni wọ́n tó sin ín délẹ̀. Kò sí ìdílé kan ní Òṣogbo tó máa gbà bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá tó tọ́ mi dàgbà jẹ́ olórìṣà Ọ̀ṣun, idẹ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ihò tí ẹ sọ yìí ni bàbà inú idẹ àwọn baba wa ti wá? (Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun)

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè tó yẹ ọmọ Afidẹ-rẹmọ ni. Ẹnikẹ́ni kì í wa idẹ nínú ilẹ̀. Bàbà àti síǹkì ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ tí ó fi ń di idẹ, nítorí náà ìbéèrè yín jẹ́ ìbéèrè nípa òwò. Àwọn ère orí tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938 ti wà kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí tó dé etíkun wa ní ìparí sẹ́ńtúrì 15. Ìbòjú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògidì bàbà. Ìyẹn ni pé bàbà ti ń gba ọ̀nà ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn baba wa sì ti mọ bí a ti ń yọ́ ọ, kí òyìnbó tó gbé tirẹ̀ dé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbà idẹ tí wọ́n ń pè ní manilla wọlé ní ẹgbàágbèje. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2023 fi àmì òjé tó wà nínú àwọn manilla inú àwọn ọkọ̀ tó rì wé ti ibi ìwakùsà ní Yúróòpù, ó sì fi hàn pé agbègbè odò Rhine ní Jámánì ni wọ́n ti wá, àti pé irú idẹ bẹ́ẹ̀ ló bá ti àwọn iṣẹ́ ọnà Bìní mu. Àwọn ará Sweden náà kò gbẹ́yìn: wọ́n dá ilé-iṣẹ́ òwò kan sílẹ̀ fún Áfíríkà ní ọdún 1649, wọ́n sì kọ́ odi sí Cape Coast ní ilẹ̀ Gánà òde òní. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé ọwọ́ ìyá yín, a kò ní purọ́ fún yín pé a rí ọ̀nà tààrà. Alágbẹ̀dẹ máa ń yọ́ àlòkù pọ̀ mọ́ àlòkù, ìran dé ìran, ẹ̀gbà ọwọ́ kan sì lè ní bàbà ibi mẹ́ta nínú.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí. Mo fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ wo àwọn ihò tí wọ́n ti ń wa wúrà ní apá Ìgún àti Ìtàgúnmọ́dì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nítorí pé wọn kò jìn sí wa. Ṣé àwọn náà kò lè di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bíi ti àwọn òyìnbó? (Olùkọ́, Alẹ́kúwodò)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́ wa, ẹ má kó ọmọ ẹlòmíràn lọ síbẹ̀. Ihò tí wọ́n pa tì kì í di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nítorí pé ó ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ ihò wúrà ní apá ibẹ̀ wà nínú erùpẹ̀ rírọ̀ létí odò, kì í ṣe nínú àpáta, ògiri erùpẹ̀ sì lè ya lulẹ̀ lẹ́yìn òjò kan. Omi a kún inú rẹ̀, koríko a bo ẹnu rẹ̀, ẹni tó ń kọjá kò sì ní mọ̀ bóyá ó jìn tàbí kò jìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ń fọ wúrà máa ń lo mẹ́kúrì láti kó o jọ, ohun olóró ni, kì í sì í tètè kúrò nínú ẹrẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Òṣogbo kò nílò kí a tọ́ka yín sí ibi tó jìn. Gbogbo wa la rí i bí omi Ọ̀ṣun ṣe di pupa rúsúrúsú, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì tọ́ka sí ìwakùsà tó wà lókè odò. Ní ọdún 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn pé kí wọ́n má mu omi náà. Ní Sàmfárà ní ọdún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé pa nítorí pé wọ́n ń lọ òkúta wúrà tó ní òjé nínú ní agboolé: eruku rẹ̀ ló wọ oúnjẹ àti ọwọ́ ọmọ. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá lọ sí ibi ìwakùsà, títí kan Falun, pé kí wọ́n má ṣa òkúta ilẹ̀ sápò fún àwọn ọmọ ilé.

Ní ti bóyá ó ṣeé ṣe, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbà. Ihò Rammelsberg wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Goslar ní Jámánì. Wọ́n ti ń wa fàdákà, bàbà, òjé àti síǹkì níbẹ̀ fún ohun tó ju 1,000 ọdún lọ. Wọ́n tì í pa ní ọdún 1988, ọdún 1992 ló sì wọ ìwé UNESCO. Láàárín ọdún mẹ́rin péré yẹn, ẹ̀rọ, ilé àti àwòrán ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì wà, àwọn tó bá ibẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣì wà láàyè láti sọ bí nǹkan ṣe rí. Nínú Rammelsberg lónìí, wọ́n ń fi àgbá kẹ̀kẹ́ omi ńláńlá han àlejò nínú àpáta, tí wọ́n fi ń fa omi àti ẹrù jáde kí ẹ̀rọ iná mànàmáná tó dé. Irú ihò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó ń fa omi rẹ̀, tó ń yẹ àpáta orí rẹ̀ wò, tó ń dí ibi tí kò dára, lọ́dọọdún, láìdáwọ́ dúró. Owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kì í ká a. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, a kò tíì mọ ihò tó jẹ́ ti ta ni, ká má tíì sọ ẹni tí yóò dí i. Ilé-iṣẹ́ tó ń wa wúrà ní Sẹ̀gílọlá nítòsí Ìpéríndó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí wúrà yọ ní ọdún 2021, ní àṣẹ àti ẹni tó ń bójú tó o, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ni, kì í ṣe ibi ìran. Bí ẹ bá fẹ́ débẹ̀, lẹ́tà ni ẹ ó kọ.

Ohun tí a gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ kó wọn lọ sí Ìsúndúnrin ní agbègbè Èjìgbò dípò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí àwọn baba wa ti ń yọ irin láti inú òkúta. Kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ àti àwọn àgbà, kí ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó mọ ìtàn ìléru àti ewìrì, kí ẹ tó gbé ọmọ kankan wọ ọkọ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá sì lówó ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ gígùn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Jọ́ọ̀sì, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1952, jẹ́ ibi tí ìwakùsà àti ìtàn ti pàdé. Nínú ihò tánganran ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń bá àwọn ère amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Nok pàdé láti ọdún 1928. Ọ̀kan nínú wọn, orí tí wọ́n rí ní Jemaa ní ọdún 1943, ẹnìkan ti gbé e kọ́ sínú oko iṣu láti fi dẹ́rù ba ẹyẹ, odindi ọdún kan ló sì fi ṣọ́ iṣu kí ẹni tó mọ iyì rẹ̀ tó rí i.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí i nínú àwòrán pé ọ̀dà pupa kan náà ni gbogbo ilé onípákó ní Sweden, wọ́n sì ní ihò Falun ni ọ̀dà náà ti ń wá. Ṣé mo lè ra á láti fi kun ilé mi tí mo ń kọ́ lọ́wọ́? (Onílé tuntun, Òkè-Báálẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ihò náà ló ti ń wá lóòótọ́. Èérí òkúta tí wọ́n kó jù nù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ bàbà rẹ̀ tán ni irin inú rẹ̀ ń dípẹtà, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń sun títí tó fi pọ́n, kí wọ́n tó sè é pẹ̀lú omi, ìyẹ̀fun ọkà àti òróró. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí di òní yìí. Ṣùgbọ́n pákó tí wọn kò fá ojú rẹ̀ ló ń di í mú. Bí ẹ bá kùn ún sí ara ògiri tí ẹ fi sìmẹ́ńtì rẹ́, kò ní í mú ògiri, yóò sì máa ra mọ́ aṣọ ẹnikẹ́ni tó bá fara tì í. Ẹ ra ọ̀dà tí àwọn akunlé ń lò nílé.